Ààrò Tí A Fẹ́ Gbé Wọ Lọ́rì

Ọdún méjì ni ọkọ mi ní a máa lò ní Onitsha. Ọdún méjì péré. Iwájú bàbá mi ló ti sọ ọ́, ó fi ìka kan ilẹ̀, ó fi kan ahọ́n. Bàbá mi gbà á gbọ́, èmi náà gbà á gbọ́, èyí tó wá ń pa mí lẹ́rìn-ín títí dòní ni pé òun alára gba ara rẹ̀ gbọ́. Ọmọ Ìwó ni mí. Irun orí mi ti funfun tán ní Onitsha, eyín mi méjì sì ti bọ́ síbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé báwo ni ọdún méjì ṣe di báyìí, ọ̀rọ̀ ààrò búrẹ́dì ni mo máa ń sọ fún un, àwọn mìíràn á sì rò pé mò ń yẹ ìbéèrè wọn sílẹ̀ ni.

Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà tí a dé. Nílé, wọ́n ti sọ fún mi pé ìlú ọjà ni, pé ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ọwọ́ kò ní ráyè yún ara. Wọn ò sọ nípa ilé tí kò lórùlé. Wọn ò sọ nípa ògiri tí ọta ìbọn ti dá lu bí ajẹ̀rẹ̀, tí àwọn èèyàn sì ń sá aṣọ lé e lórí bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ kẹta tí a dé, mo bá ìyá àgbàlagbà kan ní ìdí ẹ̀rọ omi, mo kúnlẹ̀ kí i bí wọ́n ṣe tọ́ mi. Ìyá náà kígbe. Ó rò pé ebi ló gbé mi ṣubú. Ó fà mí dìde, ó wọlé lọ mú iṣu sísè wá, ó sì dúró tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Mo jẹun tí mi ò tọrọ, mo padà sílé láìpọn omi. Ojú tì mí débi pé mi ò lè sọ fún ọkọ mi.

Ọ̀dọ̀ ìyá yẹn gan-an ni a wá padà gba yàrá sí, ní Inland Town. Mama Ifeoma ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ogun ti gba ọkọ rẹ̀ lọ, ó sì ti gba ìdajì ilé rẹ̀. Ìdajì tó kù ló fi ń gba àwa ayálégbé sílé.

Iṣẹ́ aránṣọ ni ọkọ mi ń ṣe. Láti ìgbà tí a ti bí ọmọ wa, Rìsì, ní ọdún kejì tí a dé, Bàbá Rìsì ni mò ń pè é. Lẹ́yìn ogun, kò sí ẹni tí kò fẹ́ aṣọ tuntun, nítorí náà iṣẹ́ kò wọ́n wa. Àga ló wọ́n wa. Òfin kan ló wà nínú yàrá wa: ohun tí kò bá ti ní ṣeé gbé wọ lọ́rì lọ́jọ́ tí a bá ń lọ sílé, a ò gbọdọ̀ rà á. Orí fóòmù la ń sùn, kò sí igi bẹ́ẹ̀dì lábẹ́ rẹ̀. Inú àpótí ni aṣọ wa ń gbé. Téèpù kì í kúrò lọ́rùn ọkọ mi. Bí mo bá ti nàka sí nǹkan kan lọ́jà, á ti fà á yọ, á wọ̀n ọ́n, á mi orí. Nígbà tí Rìsì ri kóró ìbẹ́pẹ mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, bàbá rẹ̀ ní, “Ta ló fẹ́ dúró jẹ ẹ́?” Ìbẹ́pẹ o! Ohun tí kì í pé ọdún kan tó fi ń so.

Kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe irú wèrè yìí. Gbogbo àwọn ará ìlú wa tó wà ní Onitsha nígbà náà, bákan náà ni wọ́n ń ṣe. Ọdọọdún ni a máa ń pàdé lẹ́yìn ìrun Iléyá, tí àwọn ọkùnrin á máa dì mọ́ra wọn, tí wọ́n á máa ní, “Iléyá tó ń bọ̀, ilé ni o, ní àṣẹ Ọlọ́run.” Bàbá kan wà láàrin wọn tó ti ń sọ bẹ́ẹ̀ kí ogun tó dé. Ó sá fún ogun, ogun parí, ó padà wá, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ láti ibi tó dé. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo fi ìborùn bo ẹnu.

Èmi náà lọ sílé lẹ́ẹ̀kan, mo lọ kí bàbá mi. Nígbà tí mo wọlé, ìyàwó àbúrò mi sáré nu àga, ó ní kí n jókòó. Ó fi ife tó mọ́ jù bu omi fún mi. Àga! Nínú ilé tí mo ti ń fi ìgbálẹ̀ lé adìyẹ kiri! Mo jókòó sórí àga náà, mo mu omi náà, gbogbo wọn sì dúró, wọ́n ń wò mí bóyá ó tó. Inú bí mi sí wọn, ṣùgbọ́n mi ò mọ ẹ̀sùn tí mo lè fi kàn wọ́n. Wọ́n kúkú ṣe dáadáa.

Fóònù ló da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láàárín àwa àti ìyá ọkọ mi. Ẹ má rò pé fóònù tòde òní ni mò ń wí o. A ó kọ́kọ́ kọ lẹ́tà pé lọ́jọ́ báyìí, ní aago báyìí, kí Màmá wà ní pósọ́fíìsì Ìwó. Àwa náà á lọ tò sí ti Onitsha. Tí wọ́n bá so wá pọ̀ tán, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni. Kí Màmá tó kí ọmọ rẹ̀ kú ọjọ́ mẹ́ta, kó kí i kú iṣẹ́, kó kí i kú àfojúsọ́nà, kí òun náà tó dọ̀bálẹ̀ nínú àpótí fóònù, tó béèrè ara Màmá, ara bàbá, ara àwọn ará ilé, ara ewúrẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta ti tán, obìnrin tó ń so fóònù á ti já a. Ọdún mẹ́rin la fi ń sọ̀rọ̀ báyìí láìsọ nǹkan kan.

Ọjọ́ kan ni ọkọ mi ní kí Rìsì, tó ti tó ọmọ ọdún márùn-ún, kí ìyá rẹ̀ àgbà. Ọmọ gba fóònù. Ó fi Igbo kí i bí àwọn ọmọ àdúgbò ṣe ń kí ìyá àgbà wọn: “Mama nnukwu, kedu?”

Mo gbọ́ ohùn Màmá nínú ẹ̀rọ náà. “Ta nìyẹn? Ẹ̀yin ará pósọ́fíìsì, ẹ ti so mí mọ́ ọmọ ẹlòmíràn o!”

Lẹ́tà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Tíṣà kan ló bá Màmá kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohùn Màmá ni mo gbọ́ nínú rẹ̀. Ó ní a ti sọ ọmọ-ọmọ òun nù láàyè. Ó ní òun mọ̀ pé ẹ̀rọ ìránṣọ ló dá ọmọ òun dúró síbẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ńkọ́, kí ni mò ń ṣe? Bí mi ò bá ní iṣẹ́ kan pàtó tó dì mí mú, kí n kó ẹrù mi ní Iléyá tó ń bọ̀, kí n mú Rìsì wá sílé, kí àwa méjèèjì máa gbé lọ́dọ̀ òun, kí ọmọ lè kọ́ èdè bàbá rẹ̀, kó sì lọ sí ilé kéú.

“Màmá ò kúkú purọ́,” ọkọ mi wí. “Iṣẹ́ wo lò ń ṣe níbí?”

Bọ́tìnnì ni mò ń rán mọ́ aṣọ fún un lọ́wọ́ bó ṣe ń bi mí bẹ́ẹ̀. Mo wo abẹ́rẹ́ ọwọ́ mi, mo wo ọkọ mi.

“Tí mo bá ní iṣẹ́ ti ara mi ńkọ́?”

“Tó o bá ní iṣẹ́ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ kí Iléyá tó dé, màá kọ̀wé sí Màmá pé ẹ ò bọ̀.”

“O gbà?”

“Mo gbà.”

Oṣù márùn-ún ló kù. Mi ò fẹ́ lọ. Mo fẹ́ràn ìyá ọkọ mi tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kí n fi ọkọ mi sílẹ̀ kí n lọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ títí Ọlọ́run á fi mú un rántí ilé, ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo ti rí irú rẹ̀. Àwọn ìyàwó tó lọ dúró de ọkọ nílé, ìyàwó mìíràn ni ọkọ wọn mú wá.

Iṣẹ́ kan ni mo mọ̀ yàtọ̀ sí bọ́tìnnì. Ọ̀dọ̀ àǹtí mi tó ń yan búrẹ́dì ní Ìwó ni mo dàgbà sí. Mo mọ fúláwà pò láti kékeré, mo sì mọ bí ààrò ṣe ń gbóná tó nípa kí n kàn fi ọwọ́ sí ẹnu rẹ̀. Búrẹ́dì tí wọ́n ń jẹ ní àdúgbò wa, òdìkejì odò ló ti ń wá. Kó tó gba orí afárá kọjá, kó tó dé ọwọ́ wa, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ààrò nìkan ló kù tí mi ò ní.

Owó epo ti wọ ìlú nígbà náà. Ìjọba ti fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, ohun tó ń dán ni gbogbo ayé ń rà. Aládùúgbò wa kan ra tẹlifíṣọ̀n kí iná tó dé ojúlé rẹ̀. Ó fi léèsì bò ó. A máa ń lọ jókòó síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ Sunday, a sì ń yìn ín. Nítorí náà, nígbà tí mo ní ààrò ni mò ń wá, kò yà mí lẹ́nu pé ọ̀dọ̀ Alhaji tó ń ta ọjà òkè òkun ni ọkọ mi kọ́kọ́ mú mi lọ. Ọmọ Ìwó bíi tiwa ni Alhaji. Ó ṣí páálí kan, ó gbé ààrò kan jáde, ó funfun báláú, gíláàsì wà lẹ́nu rẹ̀.

“Ẹ wò ó, ìyàwó wa. Láti Ítálì ni. Iná ẹlẹ́ńtíríìkì ló ń lò. Àwọn ará ibẹ̀ ní búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan, wọ́n máa ń da tòmátì àti wàràkàṣì lé e lórí. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń yan án, tọkọtaya pẹ̀lú ọmọ.”

“Tòmátì lórí búrẹ́dì? Ṣé wọn ò láwo ni?”

“Ọ̀làjú ni.”

“Búrẹ́dì tiwa mélòó ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan?”

Alhaji wo ọkọ mi. “Méjì,” ó ní. “Ṣùgbọ́n ẹ wo gíláàsì ẹnu rẹ̀ ná.”

Ọkọ mi kò gbọ́ èyíkéyìí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti fi téèpù wọ̀n ọ́n lóòró àti níbùú, inú rẹ̀ dùn. “Kò tiẹ̀ ní nílò lọ́rì,” ó ní. “Á wọ búùtù mọ́tò.”

Mo ní kí Alhaji tan án kí n rí i. Ó tàn án. Fáànù ṣọ́ọ̀bù dúró, gílóòbù pupa bí ojú ẹni tó sunkún, lẹ́yìn náà gbogbo ilé dákẹ́. Alhaji ní ààrò kò ní àléébù, iná ìlú ni kò tó o. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo jáde.

Èkejì ni ààrò alágbá. Wẹ́dà kan ní Fegge ló fi àgbá epo ẹ́ńjìnnì ṣe é. Ó là á, ó fi irin sí i nínú, ó fi ẹsẹ̀ mẹ́rin gbé e dúró. Ọkọ mi fẹ́ràn èyí náà nítorí pé ọkùnrin méjì lè gbé e. Mo lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìdí búrẹ́dì jó, orí rẹ̀ funfun, inú rẹ̀ sì ń rùn bí abẹ́ mọ́tò. Mo gbé ọ̀kan fún Mama Ifeoma. Ó gé e, ó wo ìdí rẹ̀, ó wo orí rẹ̀, ó jẹ díẹ̀.

“Mama Risi,” ó ní, “this bread don see war pass me.”

Òun ló wá sọ fún mi nípa Mazi Okeke, bíríkìlà àgbàlagbà tó máa ń kọ́ ààrò fún àwọn ilé ìwé ńlá kí ogun tó dé. Mazi wá wo ẹ̀yìnkùlé. Ó yẹra fún ibi tí omi ń gbà, ó lọ dúró sí abẹ́ ògiri tó wó, ó fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

“Na here.”

Mo wo ojú Mama Ifeoma. Gbogbo wa nínú ilé la mọ ibẹ̀. Ibẹ̀ ni bọ́ńkà wà, ihò tí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń sá wọ̀ nígbà tí bàlúù bá ń bọ̀. Ó ti ní kí wọ́n dí i, ṣùgbọ́n kò gbin nǹkan kan síbẹ̀, kò sì jẹ́ kí ọmọdé ṣeré níbẹ̀. Ó lọ dúró ti Mazi níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kó kọ́ ọ síbẹ̀, nítorí òun fẹ́ kí ibẹ̀ máa rùn bíi búrẹ́dì. Ó rán èèyàn sí àbúrò ọkọ rẹ̀ kó wá fi obì sọ fún àwọn baba ńlá tó ni ilẹ̀, nítorí obìnrin kì í la obì níbẹ̀. Kí ó tó rán an, ó dì mí lọ́wọ́ mú.

“My daughter, oven no be box o. If you build am, you don build am.”

“I know, Mama.”

“Your husband know?”

Mo ní alẹ́ ọjọ́ náà ni màá sọ fún un.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni èmi àti ọkọ mi fi jà lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ní ààrò tí a bá fi bíríkì kọ́ sílẹ̀, ti onílé ni. Ó ní lọ́jọ́ tí a bá ń lọ ńkọ́? Mo ní ọjọ́ wo? Ó ní èmi kì í ro ọ̀la. Mo ní ọ̀la ni mo rò tí mo fi ń wá ààrò. Ní ọjọ́ kẹrin, ó dé láti gáréèjì pẹ̀lú ẹ̀rín, ṣọ́ọ̀kì aránṣọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kọ nǹkan sí ẹ̀yìn bébà. Ó ti lọ wọn ìdí lọ́rì. Ó ní òun ti rí ọ̀nà rẹ̀: kí wẹ́dà jó irin pẹlẹbẹ kan, kó fi òrùka ńlá mẹ́rin sí igun rẹ̀, kí Mazi kọ́ ààrò lé irin náà lórí. Lọ́jọ́ tí a bá ń lọ, a ó fi ṣéènì kọ́ àwọn òrùka náà, a ó gbé ààrò wọ lọ́rì láìba nǹkan kan jẹ́.

Mazi Okeke rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. “Oga tailor, you wan carry kitchen travel?”

“Just build am, Mazi.”

Kí n má purọ́, èmi náà gbà. Mo ti rí i pé bí mi ò bá gbà, kò ní sí ààrò kankan, oṣù méjì àti díẹ̀ ló sì kù sí Iléyá. Mo ní kí wọ́n kọ́ ọ báyìí ná. Bíríkì ara ilé tó wó la lò, Mama Ifeoma fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ààrò náà dára lójú. Ó rí róbótó bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé, òrùka irin mẹ́rin sì yọ lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ń wá wò ó. Àwọn ará ìlú wa wá, wọ́n kí ọkọ mi kú ọgbọ́n. Bàbá Iléyá-tó-ń-bọ̀ yẹn tiẹ̀ fi ọwọ́ kan òrùka kọ̀ọ̀kan, ó ní òun ì bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí ilé òun ní Fegge.

Ọ̀sán Sátidé ni mo kọ́kọ́ dá iná sí i. Mo ti po fúláwà láti àárọ̀, ó ti wú dáadáa nínú agolo. Iná jó, ààrò gbóná, mo fi ọwọ́ sí ẹnu rẹ̀, ó ṣe bó ṣe yẹ kó ṣe. Mo ki búrẹ́dì bọ̀ ọ́. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a gbọ́ ohun kan tó dún gbàù. Kí n tó yíjú, Mama Ifeoma ti wólẹ̀ bí ẹni tó gbọ́ ìró bọ́ǹbù. Nígbà tí ó dìde, tí ó gbọn ìró rẹ̀, a rí i pé ààrò ti là láti ẹnu dé ìdí. Èéfín ń bá ibẹ̀ jáde. Búrẹ́dì tó wà lápá kan ti di èédú, àwọn tó wà lápá kejì sì tutù.

Mazi wá ní ọjọ́ kejì, ó ń ti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun. Ó yí ààrò náà po lẹ́ẹ̀kan.

“Iron dey stretch when e hot,” ó ní. “Block no dey stretch. Comot this iron, I go build am for ground. One week.” Ó wo ọkọ mi. “But then e no go waka again.”

Ọkọ mi jókòó sórí òkìtì bíríkì. Mo dúró níwájú rẹ̀.

“Bàbá Rìsì,” mo wí, “ọdún mélòó ni ọdún méjì?”

“Má bẹ̀rẹ̀.”

“Mò ń béèrè ni. Ọmọ tí a bí nínú rẹ̀ ti ń ka ìwé.”

“Tí Mazi bá yọ irin yìí,” ó ní, “kí ni kí n wá máa sọ fún Màmá?”

Mo ti múra ìjà. Mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí ojú rẹ̀, àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì tún bí mi pé àánú rẹ̀ ń ṣe mí. Gbogbo téèpù, gbogbo àpótí, gbogbo òrùka irin wọ̀nyẹn, nítorí ìyá rẹ̀ ni. Ẹ̀rù ń bà á kí obìnrin yẹn má baà gbọ́ pé ọmọ òun ti fi òun sílẹ̀. Mo yíjú sí Mazi, mo ní kó yọ ọ́. Mi ò wo ẹ̀yìn mọ́, mo wọlé.

Nígbà tí mo jáde láti wá fún Mazi lómi mu, ọkọ mi ti bọ́ agbádá rẹ̀. Ó ń gbé bíríkì fún Mazi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, eruku pupa ti bo apá rẹ̀. Kò dá iṣẹ́ náà dúró títí di alẹ́.

Ààrò kejì yẹn kò là. Búrẹ́dì mi jáde pẹ̀lú àwọ̀ tó pọ́n bó ṣe ń pọ́n lọ́dọ̀ àǹtí mi. Láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn òṣìṣẹ́ àdúgbò Omagba ń rán èèyàn wá, àwọn oníṣòwò ata ní ọjà Ose Okwodu ń fi owó iye tí wọ́n fẹ́ rà pamọ́ dè mí. Nígbà tí mo bá ń rìn kọjá, àwọn obìnrin àdúgbò á ní, “Mama Bread!” Mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kí wọ́n lè tún pè é lẹ́ẹ̀kejì. Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ọkọ mi ní òun ti kọ̀wé sí Màmá bí a ṣe jọ sọ ọ́. Mo gbà á gbọ́. Ẹ sì rí i pé mi ò kọ́gbọ́n.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí Iléyá pé, mò ń po fúláwà lọ́wọ́ ní ẹ̀yìnkùlé, ó dé mi ní ìgúnpá, ni mo gbọ́ tí ẹnì kan ní, “Ẹ ń lẹ́ o, ará ilé.” Mo yíjú, ìyá ọkọ mi ni. Ó ru báàgì sórí, bàtà rẹ̀ ti funfun fún eruku. Ó ti wọ mọ́tò láti Ìwó, ó ti béèrè “tailor Yoruba” láti gáréèjì títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Mo kúnlẹ̀ kí i pẹ̀lú fúláwà lọ́wọ́.

“Ẹ ò rí lẹ́tà gbà ni, Màmá?”

“Lẹ́tà wo? Mo wá kó yín ni.”

Ọkọ mi wọ ẹ̀yìnkùlé, ó rí ìyá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò sì tètè dìde. Nígbà yẹn ni mo mọ̀ pé lẹ́tà náà ṣì wà nínú àpótí aṣọ wa, ó ti lẹ̀ ẹ́ pa, ó ti fi sítáǹbù sí i, kò fi ránṣẹ́.

Mama Ifeoma jáde láti inú ilé. Kò gbọ́ Yorùbá, Màmá kò gbọ́ Igbo, kò sì gbọ́ Pidgin. Rìsì wá dúró sáàárín àwọn méjèèjì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an.

“Ó ní káàbọ̀,” Rìsì sọ fún ìyá rẹ̀ àgbà. “Ó ní ẹsẹ̀ á ti dùn ẹ́. Ó ní jókòó.”

Ojú Màmá yí nígbà tí ọmọ ń pè é ní ìwọ, ṣùgbọ́n ó jókòó. Ó wo ààrò náà fún ìgbà pípẹ́.

“Bi í pé, ṣé ó mọ̀ pé àlejò ni bàbá rẹ?”

Rìsì bi í. Mama Ifeoma dáhùn ní gígùn, ó ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe.

“Ó ní ta ni àlejò? Ó ní bàbá mi ló gbé gbogbo bíríkì yẹn, òun rí i.”

Màmá wo ọmọ rẹ̀. “Ìwọ lo gbé e?”

“Èmi ni, Màmá.”

Màmá yíjú sí mi. Ó ní kí n gé búrẹ́dì fún òun. Ó rẹ ẹ́ sínú tíì, ó jẹ ẹ́, ó ní kí n tún gé e. Ọjọ́ méjì ló lò. Ó ń kọ́ Rìsì bí wọ́n ṣe ń kí àgbà, Rìsì sì ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pe iye nǹkan ní Igbo. Kò dárúkọ Iléyá rárá, kò sì ní kí n di ẹrù. Mò ń dúró de ìgbà tí á bú mi, kò bú mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta ó ní òun ń lọ. Gbogbo wa sìn ín dé gáréèjì. Ó wọ mọ́tò, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó pè mí mọ́ra. Kì í ṣe ọmọ rẹ̀ ló pè, èmi ni.

“Ẹ̀ bá ti sọ fún mi,” ó ní. “Mi ò bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀ bá ti sọ. Gbogbo ìgbà tí Iléyá bá ti ń bọ̀ ni mo máa ń fi ẹfun kun yàrá yín. Mo máa ń gbé bẹ́ẹ̀dì síta kí oòrùn lè pa á. Ọdún mẹ́fà rèé. Tíṣà tó bá mi kọ lẹ́tà, ó ti ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun máa gbé e, mo ní rárá, àwọn tó ni ín ń bọ̀.” Ó nu ojú rẹ̀. “Ṣé kí n fún un?”

Mo wo ọkọ mi kó dáhùn. Ìyá rẹ̀ ni. Ó dojú kọ ilẹ̀, ó ń fi ìka lọ́ téèpù ọrùn rẹ̀.

“Ẹ fún un, Màmá,” mo wí.

Ó fi orí gbà. “Ó dáa. Bí mo bá délé, màá fún un ní kọ́kọ́rọ́.” Ó fa Rìsì mọ́ra láti ojú fèrèsé, ó gbàdúrà fún un, mọ́tò sì gbéra. Mo sunkún láti gáréèjì títí mo fi dé ẹ̀yìnkùlé, èmi tí mo rò pé mo borí.